Àga Idà tí Bàbá Àgbà Tú Palẹ̀

Ẹni tó kọ ìwé ètò ìsìnkú Bàbá Àgbà kò mọ̀ wọ́n rí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé "ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí." Orí ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kà á, inú sì bí mi. Pásítọ̀ náà dìde, ó tún ọ̀rọ̀ ọ̀hún sọ. Ó ní àgùntàn Olúwa ni bàbá, pé wọn kì í gbé ohùn sókè. Ìjọ ń ṣe "Àmín." Níwájú wa, pósí tí wọ́n tẹ́ bàbá sí ń dán yanran. Mo ti fi ọwọ́ kàn án kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó dún bíi páálí. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gúlúù pò ni, wọ́n wá lẹ bébà aláwọ̀ igi mọ́ ọn lára. Ohun tí bàbá fi gbogbo ayé wọn bá jà ni wọ́n wá fi sin wọ́n.

Màmá mi rí i pé ẹnu mi ti ń là. Wọ́n fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mofẹ́, jókòó jẹ́ẹ́."

"Mọ́mì, irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Irọ́ tí a fi ń sin òkú ni. Gba Ọlọ́run gbọ́, dákẹ́."

Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí màmá mi. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Bàbá tí mo mọ̀ jà. Wọ́n bá ọkọ àbúrò màmá mi jà lórí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n bá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò jà lórí ilẹ̀kùn gáráàjì. Wọ́n bá odindi àwọn oní fíìmù jà lórí ibi tí ẹnu idà yẹ kó kọjú sí, ìjà yẹn sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí a bá wá sọ wọ́n di àgùntàn báyìí, ta ni ẹni tó bí màmá mi?

Josaya ni orúkọ wọn. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ìlú tí ọkọ̀ agbégi kì í yé kọjá. Nígbà tí màmá àgbà kú, màmá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mú bàbá wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Cypress, níhìn-ín ní Houston, ní àdúgbò tí àwọn ilé ti jọra bíi búrẹ́dì tó jáde láti inú páànù kan náà. Bàbá kò bèèrè yàrá tí wọ́n máa sùn sí. Gáráàjì ni wọ́n bèèrè. Kí oṣù tó parí, mọ́tò màmá mi ti di ará ìta, oòrùn ń bó ọ̀dà ara rẹ̀, yìnyín ń bọ́ lé e lórí. Nínú gáráàjì, ayùn, òòlù àti ìfági ti gba gbogbo ògiri. Màmá mi ráhùn ráhùn, ó rẹ̀ wọ́n. Bàbá ní, "Mọ́tò lè ṣiṣẹ́ nínú oòrùn. Igi ò lè ṣe é."

Ọkọ àbúrò màmá mi, dókítà ni. Ilé ńlá kan ní Sugar Land ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́dún kan, wọ́n pè wá pé kí á wá fi oúnjẹ ṣí tábìlì tuntun wọn. Tòlótòló ti wà lórí tábìlì, ìrẹsì ti wà níbẹ̀, gbogbo wa ti di ojú fún àdúrà. A ń retí kí Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àfi bí a ṣe gbọ́ ohùn wọn láti abẹ́ tábìlì.

"Ta ló ta nǹkan yìí fún ọ?"

Mo la ojú. Bàbá ti wọ abẹ́ tábìlì lọ pẹ̀lú súùtù wọn, wọ́n ń fi èékánná ha a.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde, oúnjẹ ń tutù," dókítà ń bẹ̀ wọ́n.

"Ìyẹ̀fun igi lèyí. Wọ́n pò ó bí ẹni po ẹ̀bà. Bí omi bá dà sí i lẹ́ẹ̀mejì, yóò wú."

"Ṣùgbọ́n ó rẹwà, sà."

Bàbá yọ orí jáde, eruku wà ní iwájú orí wọn. "Ẹwà tó ń bẹ̀rù omi, ṣé ẹwà nìyẹn?"

Ọdún kan gbáko ni wọn ò pè wá sí Sugar Land mọ́.

Ìjà ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ni mo fẹ́ràn jù, nítorí èmi ni akọ̀wé rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí màmá mi pé òfin ni kí ilẹ̀kùn gáráàjì wà ní títì bí ẹnikẹ́ni kò bá wọlé tàbí jáde, àti pé ariwo ayùn ń da àwọn ará àdúgbò láàmú. Bàbá Àgbà ní kí n ka lẹ́tà náà fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ṣí kọ̀ǹpútà mi.

"Kọ ọ́ pé: ilẹ̀kùn tí a kì í ṣí, ògiri ni."

"Ṣé kí n kí wọn ná, sà?"

"Àwọn náà kí mi?"

Bí mo ṣe fi ránṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n kọ lẹ́tà kejì, bàbá ní kí n fi èsì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ padà.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà tó ń gbé ilé kẹta sí tiwa, ará Japan ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ ni ìyá náà máa ń rìn kọjá, wọ́n á dúró díẹ̀ níwájú gáráàjì wa, wọ́n á wo inú rẹ̀, wọ́n á tún máa lọ. Bàbá Àgbà gbà pé ìyá náà ló ń fi ẹjọ́ àwọn sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kan, bàbá jáde bọ́ sí títì tòun ti òòlù lọ́wọ́, èmi náà sáré tẹ̀lé wọn kí ẹnìkan má baà pe ọlọ́pàá.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ lọ fẹjọ́ mi sùn?"

Ìyá náà wo òòlù, wọ́n wo bàbá, ẹ̀rù ò bà wọ́n rárá. "Èmi kọ́. Ìṣó ni mo ń wò."

"Ìṣó wo?"

"Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ń wo iṣẹ́ yín. Mi ò tíì rí i kí ẹ kan ìṣó kan ṣoṣo."

Òótọ́ ni. Ahọ́n igi ni bàbá máa ń kì bọ ẹnu igi, wọ́n á fi èèkàn kékeré há a mọ́ ibẹ̀. Wọ́n ní ìṣó ń dípẹta, igi kì í dípẹta. Ìbínú bàbá yọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe obìnrin náà ní Ìyá Kẹ́ńjì, nítorí Kẹ́ńjì ni orúkọ ọmọ wọn tó ń gbé ní California. Ìyá Kẹ́ńjì náà sì kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ onílé pé ariwo ayùn ń dùn mọ́ àwọn nínú. Lẹ́tà kẹta kò wá.

Ohun tí Ìyá Kẹ́ńjì ń wá káfíńtà fún kò kéré. Idà kan wà lọ́wọ́ wọn, idà àwọn baba ọkọ wọn. Nígbà tí wọ́n kó wá sí Cypress lẹ́yìn ikú ọkọ wọn, igi tí wọ́n máa ń gbé e lé kán lọ́nà. Wọ́n fi tówẹ̀lì wé idà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ìgbà náà. Wọ́n fẹ́ kí bàbá ṣe igi mìíràn. Bàbá kò mọ orúkọ tí àwọn ará Japan ń pè é, wọ́n bá sọ ọ́ ní àga idà. Wọ́n ní idà tó bá ti ṣiṣẹ́ tán yẹ kó rí ibi jókòó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá ṣe é. Ti àkọ́kọ́, wọ́n gbẹ́ ewé àti òdòdó sí gbogbo ara rẹ̀, inú wọn dùn sí i gan-an. Ìyá Kẹ́ńjì tẹríba, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní, "Ó rẹwà púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e padà. Àlejò máa wo igi, kò ní wo idà." Mo rò pé ìjà dé. Bàbá gbé e padà sí gáráàjì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹnu tí wọ́n gbẹ́ fún idà ti há jù, ó ń ha àkọ̀ lára. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, pákó ìsàlẹ̀ kan ni, òpó méjì dúró lé e, ẹnu òpó kọ̀ọ̀kan tẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tí ènìyàn fi ń gba nǹkan, awọ rírọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ èèkù ni idà ti wúwo jù, nítorí náà bàbá fi igi ìgbálẹ̀ tí wọ́n so òkúta mọ́ ní ìdí kan dán ibi tí òpó yẹ kó wà wò ní àìmọye ìgbà, kí idà má baà fì sí apá kan.

Ìyá Kẹ́ńjì kọ́ àwa méjèèjì bí wọ́n ṣe ń gbé e lé orí àga. Inú àkọ̀ ni idà máa ń wà, wọn kì í tú u síta lásán. Ẹnu rẹ̀ á kọjú sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Èèkù á wà ní ọwọ́ òsì ẹni tó bá kọjú sí i, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fa idà yọ. Ilé tí èèkù bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé tó ń retí ogun ni.

"Kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà lókè?" bàbá bèèrè.

"Bó bá dojú délẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á tẹ ẹnu rẹ̀ mọ́ inú àkọ̀. Díẹ̀díẹ̀, yóò gé e."

Bàbá pàtẹ́wọ́. "Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́! Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́!" Mo túmọ̀ òwe náà fún Ìyá Kẹ́ńjì. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé idà lé àga kẹta, Ìyá Kẹ́ńjì jókòó sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wo bàbá bóyá kí á máa lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọdún mẹ́fà ni mo fi kó ẹrù wọ ilé yìí. Òní ni mo kó o tán."

Ibẹ̀ ni ìyọnu fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Bàbá Àgbà máa ń wo fíìmù pọ̀ ní ọ̀sán Sátidé, ṣùgbọ́n bàbá kì í wo ènìyàn nínú fíìmù, àga ni wọ́n ń wò. Wọ́n lè yìnbọn fún ọmọkùnrin inú fíìmù kó ṣubú lulẹ̀, bàbá á ní, "Wo ẹsẹ̀ tábìlì yẹn, ó ń mì." Nígbà tí wọ́n wá mọ̀ nípa idà, a ò ní ìsinmi mọ́. Ibikíbi tí ọlọ́rọ̀ tàbí ọ̀daràn bá ní ọ́fíìsì nínú fíìmù, idà Japan á wà lẹ́yìn àga rẹ̀, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀ lódì. Mẹ́ta á to léra bí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu wọn á dojú délẹ̀. Òmíràn á wà ní ìhòòhò láìní àkọ̀. Àga rẹ̀ á jẹ́ igi dúdú tó ń dán bíi bàtà, orí ejò ẹlẹ́sẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní dírágónì ní ìkangun méjèèjì, orí ìṣó á sì yọ síta. Nínú ọ̀kan, ọkùnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ kọ́ èèkù idà. Bàbá dìde, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

"Fíìmù lásán ni, sà," mo ní. "Ibi tí wọ́n bá ti rí i nínú fíìmù mìíràn ni wọ́n ti ń wò ó kọ."

"Fíìmù ló kọ́ fíìmù," bàbá ní. "Ta ló kọ́ fíìmù àkọ́kọ́?"

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nígbà náà nìyẹn gan-an. Mo wà lára àwọn tó ń wá àga, àwòrán àti fìtílà tí wọ́n fi ń ṣe ilé inú fíìmù. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ni mí. Ọ̀gá mi, òyìnbó obìnrin kan tó ń jẹ́ Kéèrì, ní a ń wá ẹni tó máa ṣe àga idà fún fíìmù tí wọ́n fẹ́ yà nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní ẹ̀gbẹ́ àdúgbò Third Ward. Mo ní mo mọ ẹnìkan, mi ò sọ pé bàbá mi àgbà ni. Mo mú Kéèrì lọ sí gáráàjì wa. Ó mú àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́: ipele mẹ́ta, ọ̀dà pupa, orí ejò ẹlẹ́sẹ̀. Bàbá yí ìwé náà délẹ̀, wọ́n ya tiwọn sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kéèrì bèèrè ohun tí wọ́n máa gbà fún iṣẹ́ náà. Bàbá ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́: kí wọ́n gbé idà lé e bó ṣe yẹ. Kéèrì rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bàbá fi ṣe é. Igi méje ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìṣó níbẹ̀, èèkàn méjì ló di gbogbo rẹ̀ mú. Nígbà tí Kéèrì rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa lò ó, mo mú Bàbá Àgbà dání kí wọ́n lè rí iṣẹ́ wọn. Súùtù ọjọ́ Àìkú wọn ni wọ́n wọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ yà lọ́jọ́ náà rọrùn láti lóye: olùkọ́ àgbàlagbà kan ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ṣẹ̀, idà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Olùdarí fíìmù náà, ọkùnrin kan tó dé fìlà, ni ó gbé idà lé àga fúnra rẹ̀. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fi èèkù sí ọwọ́ ọ̀tún.

Bàbá rìn wọ àárín iná gbogbo, wọ́n yí idà náà padà. Olùdarí rẹ́rìn-ín, ó tún un yí.

"Iṣẹ́ yín dára, sà. Ṣùgbọ́n báyìí ni kámẹ́rà ṣe fẹ́ ẹ. Ó rí bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́."

"Ọkùnrin yìí ń tọrọ àforíjì," bàbá ní. "Ẹni tó ń tọrọ àforíjì kì í fi èèkù sí ọwọ́ ọ̀tún. Ogun lẹ gbé kalẹ̀ yẹn." Wọ́n tún yí i padà.

"Ta ló mú bàbá yìí wá?"

 Kéèrì wò mí. Gbogbo wọn wá ń wò mí. Mo mọ̀ pé bàbá jàre. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ìyá Kẹ́ńjì ń kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀, ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Mo ní, "Káfíńtà tó ṣe àga náà ni." Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Bàbá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé idà náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n gbé e fún òṣèré tó ń ṣe olùkọ́. Wọ́n dojú àga bolẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá èèkàn kan, wọ́n gbá ìkejì. Àga náà tú palẹ̀ sí igi méje, kò gba ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀!" olùdarí pariwo. "Tiwa ni!"

"Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí ẹ fi gbà á," bàbá ní. "Obìnrin yìí kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Ẹ ò fún mi."

Wọ́n kó igi méjèèje sí abíyá, wọ́n jáde.

Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sán yẹn tó parí. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Cypress, mo pariwo mọ́ Bàbá Àgbà, èmi tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n fi àjákù igi ṣe ọmọlangidi fún. Mo ní wọ́n ti ba ayé mi jẹ́ nítorí irin lásán.  Mo já wọn sílẹ̀ ní iwájú ilé, mi ò pa mọ́tò, mo kọjá lọ sí ilé tí mo ń dá gbé. Oṣù méje ni mi ò fi ẹsẹ̀ kan Cypress. Èyí náà, ẹ ò ní rí i nínú ìwé ètò ìsìnkú.

Fíìmù náà jáde. Màmá mi sọ fún mi lórí fóònù pé bàbá àti Ìyá Kẹ́ńjì jọ lọ wò ó, wọn ò sì dúró kó parí. Mo bèèrè bóyá bàbá ló bínú jáde. Màmá mi ní, "Rárá o. Ìyá Kẹ́ńjì ló kọ́kọ́ dìde."

Èmi nìkan lọ wò ó ní ilé sinimá inú móòlù. Àga tí wọ́n rà wá ni wọ́n lò, olórí ejò, mo ka orí ìṣó mẹ́rin tó yọ síta. Ẹnu idà dojú délẹ̀. Èèkù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀, ó ń sọkún, ó ń tọrọ àforíjì, idà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń sọ pé irọ́ ló ń pa. Àwọn ènìyàn tó yí mi ká fi gúgúrú sílẹ̀, wọ́n ń nu ojú. Kò sí ẹnìkan tó rí i. Kò sí! Inú bí mi. Mo jókòó títí orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù fi kọjá tán, mo wá wọ mọ́tò, Cypress ni mo gbà lọ tààrà.

Bàbá wà nínú gáráàjì, wọ́n ń fi sáńdípépà ra igi kan. Wọn ò wo ẹ̀yìn. Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi.

"Bàbá Àgbà, ẹ foríjì mí. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní káfíńtà ni yín."

"Kí ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Bàbá mi ni yín, sà."

"Káfíńtà náà ni mí. Ìyẹn ò dùn mí."

"Kí ló wá dùn yín?"

Bàbá fi sáńdípépà sílẹ̀. "Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, ìwọ nìkan lo mọ ibi tó yẹ kí ẹnu idà kọjú sí. Àwọn yòókù ò mọ̀. Ìwọ mọ̀, o dákẹ́."

 Wọ́n na sáńdípépà sí mi, wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè dúró.

Ọdún kan àti díẹ̀ ni a tún jọ lò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ, bàbá sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki ahọ́n igi bọ ẹnu igi, bí wọ́n ṣe ń gbá èèkàn wọlé. Mo bà á jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí mo bá ti fẹ́ fi ipá wọ̀ ọ́, bàbá á ní, "Bí igi bá ní kí o lu òun, ìwọ lo gbẹ́ ẹ tì." Lẹ́yìn náà àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀sán Túsìdeè kan ni wọ́n kú ní ọsibítù, màmá mi di ọwọ́ kan mú, mo di ìkejì mú. Ọwọ́ náà le bí igi títí dé òpin.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Kéèrì pè mí. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn nígbà náà, níbi tí a ti ń tún àga ilé ìwé ṣe. Kéèrì ní fíìmù náà pa owó wọlé dáadáa, pé wọ́n fẹ́ ṣe apá kejì rẹ̀. Ó ní olùdarí ò tíì gbàgbé àga idà bàbá yẹn, àga ọjọ́sí lẹ́wà ju tiwọn lọ.

"Ṣé bàbá náà ṣì ní i?"

"Bàbá ti kú, Kéèrì. Bàbá mi àgbà ni wọ́n."

 Ó kẹ́dùn fún mi, mo gbà pé látọkàn wá ni. Lẹ́yìn náà ó bèèrè bóyá mo lè gbé àga náà wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ mi ló wà, mo lè tò ó fúnra mi. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó gbé idà lé e. Ẹnu rẹ̀ á wà lókè, èèkù rẹ̀ á wà lọ́wọ́ òsì, kí olùdarí fọwọ́ sí i nínú ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá yí i, n ó tú àga mi, n ó máa lọ ilé.

"Mofẹ́," Kéèrì ní, ó rẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀. "Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló máa fi hàn nínú fíìmù. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀," mo dá a lóhùn.

Ó ní òun á bá olùdarí sọ̀rọ̀, òun á pè mí padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá báyìí, kò tíì pè. Kí wọ́n máa lọ ra àga olórí ejò wọn ní móòlù.